Ta Ló Gbé Odò Abẹ́ Yìnyín?

Èémí ara rẹ̀ ni Yawen kọ́kọ́ rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápákọ̀ òfurufú dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn ní àdúgbò Castleridge, ó mí kanlẹ̀, èémí náà sì rú bí èéfín níwájú rẹ̀ nínú ilé gan-an, àfi bíi pé ó ṣì dúró nínú snow. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀. Furnace tó ń mú ilé gbóná ti kú. Kò bàjẹ́ o; ẹnì kan ló pa á láti ara switch rẹ̀. Drawer tábìlì ṣí sílẹ̀ gbayawu, drive méjèèjì tí wọ́n ń tọ́jú ohùn orin sí, tó ń gbé inú rẹ̀, sì ti lọ.

Kò sí nǹkan mìíràn tó sọnù. Olè náà ò fọwọ́ kan máíkì, kò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà lójú. Drive nìkan ló kó, èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀dà rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ààbò fún un, tí Dàpọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe orin, kó sójú kan náà bí ẹni tí kò lọ iléèwé rí.

Inú drive wọ̀nyẹn ni gbogbo ohùn Odò Abẹ́ Yìnyín wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwo orin Mandarin yìí ló gba ìgboro lọ́dún tó kọjá. Láti Vancouver dé Taipei, àwọn ọmọ iléèwé ń gbọ́ ọ nínú train, àwọn ìyálé sì ń fi se oúnjẹ. Yawen ló kọ ọ́, Dàpọ̀ ló po ohùn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi bass tó ń mi àyà àti ìlù kọ̀ǹpútà sábẹ́ erhu, ìyẹn gòjé olókùn méjì ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n fi awọ ejò bò lójú. Dàpọ̀ ò gbọ́ Mandarin, àmọ́ ọmọ Yorùbá ni: ó mọ̀ pé bí ohùn bá gòkè tàbí tó bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kò sì jẹ́ kí bass kankan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yawen máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ìdí nìyẹn tí orin òun fi yéni yékéyéké. Ní báyìí, iléeṣẹ́ orin kan láti Taipei ń bọ̀ wá gba àwọn ohùn náà, wọ́n sì fẹ́ mú Yawen lọ.

Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ basement. Yawen wà ní Vancouver lórí rédíò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tao tó ta erhu inú àwo náà ti darúgbó. Ẹnì kẹta ni Dàpọ̀, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

“Níbo lo wà lálẹ́ àná?” Constable Friesen, obìnrin ọlọ́pàá tó wá, ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Mo sùn sílé.”

Irọ́ gbáà ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Dàpọ̀ wà nínú warehouse kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ó ń to páálí lé orí ara wọn, orúkọ tó sì wà lára káàdì àyà rẹ̀ ni Ìsmáílà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ìsmáílà. Ìyá Ìsmáílà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìṣẹ́yìn, ó sì fẹ́ lọ wò ó, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Ló bá ní, “Dàpọ̀, jọ̀ọ́, bá mi di ibẹ̀ mú kí n tó dé.” Irú ẹ̀ kì í ṣe tuntun láàárín àwọn tiwa. Àwọn méjèèjì dúdú, àwọn méjèèjì dá irùngbọ̀n sí, supervisor kì í sì í wo ojú èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 2016 ni, epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn ilé gogoro downtown ń ṣófo láti òkè délẹ̀. Iléeṣẹ́ epo tí work permit Dàpọ̀ so mọ́ ti lé e dànù kí Kérésìmesì tó dé, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíràn rárá. Ìwé PR rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ṣì wà níwájú ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ warehouse bá tú, òun, Látífàt ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn lè bá ara wọn nínú bàálù tó ń lọ sí Èkó. Bó bá sọ ibi tó wà, ó gbé. Bí kò bá sọ ọ́, olè ni.

*

Látífàt ló lọ bẹ Àǹtí Yéjídé. Nọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì, wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n jọ wà, àmọ́ kí Àǹtí Yéjídé tó di nọ́ọ̀sì, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ní Ìyágankú n'Íbàdàn. Àwọn ará Nàìjíríà ní àdúgbò Martindale ṣì ń pè é ní Inspector. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, bó bá sì ti wọ ilé ẹnì kan, bisikíìtì onílé gbé. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé mọ́tò rẹ̀ dúró síwájú ilé Dàpọ̀, ó tẹ fèrè.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀. Wọlé, de belt. Níbo lo wà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀?”

Dàpọ̀ ò tíì jókòó dáadáa. “Mo wà nílé, Àǹtí. I was sleeping.”

“Ó dáa. Látífàt sọ fún mi pé ilé Ìsmáílà lo máa ń lọ sùn, kí omi má bàa dì nínú pipe ẹ̀.”

Dàpọ̀ yára yí i padà. “Ehn, ilé Ìsmáílà. That's what I meant.”

“Ohun tó o ní lọ́kàn nìyẹn.” Àǹtí Yéjídé yí mọ́tò sójú títì, ó rọra ń wa á lórí yìnyín. “Ọ̀gbẹ́ni, èèyàn ò lè sùn síbi méjì lálẹ́ kan. Ọlọ́pàá gbọ́ ọ̀kan, ìyàwó ẹ gbọ́ èkejì. Èmi máa dúró de ẹ̀kẹta.”

“Àǹtí, abeg, I no take am.”

“Ta ló ní o gbé e? Mo ní o ń purọ́. Ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fìrí. “Kí ló ṣe ẹ lọ́wọ́?”

Dàpọ̀ yára kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Orí àwọn ìka rẹ̀ ti là, wọ́n gbẹ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. “Òtútù ni, mà. Dry skin.”

“Hmm.” Obìnrin náà yíjú padà sí títì.

Dàpọ̀ wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó wù ú kó sọ ọ́. Ìsmáílà pàápàá ti sọ fún un lórí fóònù lánàá pé, “Tó bá ti débi ọrùn, sọ ọ́ jàre. Citizen lèmi, iṣẹ́ nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni mò ń rò.” Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò ní ṣeé kó padà. Inú àgò adìyẹ ló bá ara rẹ̀, ibi tó bá fẹ́ gbà jáde ni irin ti dábùú.

“Constable yẹn ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí,” Àǹtí Yéjídé sọ fún un. “Yawen ló pè mí wá bí àlejò, torí náà gbogbo wọn máa dá mi lóhùn. Ìwọ, pa ẹnu mọ́ títí màá fi ní kó o là á.”

*

Yawen mú wọn yí ká basement. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú. Kò wo Dàpọ̀ lójú, ìyẹn sì dun Dàpọ̀ ju ìbéèrè ọlọ́pàá lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ síra wọn.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pa furnace?” Àǹtí Yéjídé bi í.

“Máíkì ń gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa fẹ́ fùù lẹ́yìn erhu. Tá a bá fẹ́ ká ohùn sílẹ̀, Dàpọ̀ á pa á, òtútù á gba gbogbo ilé títí a ó fi parí.”

“Ta ló ń tàn án padà?”

“Dàpọ̀ náà ni.”

“Kò gbàgbé rí? Nínú òtútù yìí, omi á dì, pipe á bẹ́.”

“Rárá, kò gbàgbé rí.”

Àǹtí Yéjídé fi ìka kan ìṣó kan tó yọ lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ switch, ó fẹ́ bi nǹkan, àmọ́ ẹnì kan ti ń sọ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gbẹ́ni Tao ni. Ó wọ train wá láti Marlborough, ó sì gbá àpótí erhu rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

“Mr. Tao,” ni Àǹtí Yéjídé wí, “wọ́n ní àwọn ará Taipei fẹ́ yọ ohùn erhu yín, kí wọ́n fi ti ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀.”

Ojú bàbá náà le. “Wọ́n ní ti ẹ̀rọ mọ́ ju tèmi lọ.”

“Ẹ sì sọ lójú Yawen pé ó sàn kí gbogbo ẹ̀ kúkú sọnù.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Inú ló ń bí mi.”

“Kí ló wà nínú àpótí yẹn?”

“Erhu mi.”

“Ẹ jẹ́ n rí i.”

“Rárá.”

Ara fu Dàpọ̀. Ó ti mọ bàbá yìí tipẹ́. Kì í kọ̀ láti fi erhu rẹ̀ han èèyàn, kódà ọmọ ọwọ́ ló ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ rò ó pé, àṣé Tao ni, ìtura tó sì bá ọkàn rẹ̀ tì í lójú gan-an.

Àǹtí Yéjídé ò jà. Ó fa àga fún bàbá náà, ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, Tao fúnra rẹ̀ ṣí àpótí. Kò sí drive níbẹ̀. Awọ ejò tó bo ojú erhu ti ya láti òkè délẹ̀.

“Gbígbẹ ìlú yìí ló fà á,” Tao sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Bàbá mi ló fún mi. Ó ya lẹ́yìn tá a parí àwo orin. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní kí n wá ta á lójú agbo, kí ni màá ta?”

Yawen fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Yéjídé bá bàbá náà pa àpótí rẹ̀ dé, ó yíjú sí Dàpọ̀, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́:

“Yọ ti bàbá yìí kúrò. Inú drive yẹn nìkan ni ohùn gòjé bàbá ẹ̀ kù sí lọ́tọ̀ láyé. Ó lè gé ọwọ́ ara ẹ̀ kó tó gbé e sọnù.”

Ìtura Dàpọ̀ pòórá. Ó ku òun nìkan.

*

Jian, ẹ̀gbọ́n Yawen, ló ń gbé lókè. Òun ló ra ilé. Ó wọ táì lọ́jọ́ Sátidé, ó po tíì fún wọn, ó sì gbé bisikíìtì síwájú Àǹtí Yéjídé, tí obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

“Wọ́n ní ẹnjiníà epo ni yín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Downtown.”

“Wọn ò tíì dá yín dúró? Ẹ ṣe oríire. Ìwọ̀nba ló kù níbẹ̀.”

“Mo dúpẹ́.”

“Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?”

“Mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé tutù. Mo rò pé Dàpọ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, torí ilé máa ń tutù tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo fa duvet borí, mo sùn.”

“Ẹ gbọ́ orin?”

“Rárá. Headphone ló máa ń lò tó bá ń po ohùn pọ̀.”

“Ó sì máa ń pa furnace tó bá ń po ohùn pọ̀?”

“Ní gbogbo ìgbà.”

Dàpọ̀ ya ẹnu. Irọ́ ni! Ìgbà tí máíkì bá ṣí nìkan ni wọ́n ń pa á. Ẹni tó fi headphone bo etí ò ní nǹkan kan í fi furnace ṣe. Kó tó fọhùn, Àǹtí Yéjídé ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Mr. Jian.” Ó na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ náà mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí nọ́ọ̀sì tó ń wá iṣan, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. Mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín.”

*

Gbogbo wọn pé sí iwájú furnace. Ó ń fẹ́ fùù, ó ń mú ooru jáde.

“Dàpọ̀,” Àǹtí Yéjídé ní, “ká ní a fẹ́ ká ohùn sílẹ̀ báyìí. Pa á bó o ṣe máa ń pa á.”

Dàpọ̀ pa switch. Lẹ́yìn náà, láì tilẹ̀ rò ó, ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ara ògiri. Tao ti ń yẹ aago wò. Yawen ti káwọ́ gbera nítorí òtútù tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó wo kọ́kọ́rọ́ náà nínú wọn.

“Kí nìyẹn wà fún?” Jian béèrè.

Tao gbójú kúrò lára aago.

“Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi ni,” Dàpọ̀ dá a lóhùn. “Tí n bá ti pa furnace, ibẹ̀ ni mò ń fi í kọ́. Mi ò lè wa mọ́tò lọ láì padà wá mú un, tí mo bá sì ti débí, mo gbọ́dọ̀ rántí tan furnace.” Àṣà àwọn tó ń ká ohùn sílẹ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ kan ní Súrùlérè ló kọ́ ọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ohùn ara rẹ̀ ń yà á lẹ́nu. Nǹkan tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni, kò sì rántí rẹ̀ rí nígbà tí ọlọ́pàá ń da ìbéèrè bò ó.

“Àwọn tó ti jókòó níbí rí nígbà tí wọ́n ń kọrin mọ̀ ọ́n,” Àǹtí Yéjídé ní. “Ẹ gbọ́. Bí Dàpọ̀ bá wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, á pa furnace, á fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, kò sì ní lè kúrò láì tàn án padà. Bó bá jẹ́ olè ló wá jà, kí ló fẹ́ pa furnace fún? Ṣé drive máa ń pariwo ni? Ẹni tó ṣe eléyìí fẹ́ kó jọ iṣẹ́ Dàpọ̀, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ náà ló mọ̀. Ó mọ̀ pé ilé máa ń tutù. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Òkè ló ti ń mọ òtútù náà lára.”

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yawen yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Mi ò ní kọ́kọ́rọ́ basement,” Jian sọ ọ́ kíákíá.

“Onílé ni yín. Kí lẹ fẹ́ máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri fún?” Ó kọjú sí Yawen. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Mr. Tao lọ sókè, ẹ bá mi tún tíì pò. Mo fẹ́ bá àwọn ọkùnrin méjì yìí sọ̀rọ̀.”

*

Nígbà tí ilẹ̀kùn òkè padé, Àǹtí Yéjídé tan furnace padà, ó ní, “Ẹ kó ọwọ́ yín síta, ẹ̀yin méjèèjì.”

Wọ́n kó o síta bí ọmọ iléèwé. Ọwọ́ dúdú, ọwọ́ funfun, àmọ́ orí ìka kan náà ló là, bẹ́bà kan náà ló ha wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò.

“Páálí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fa epo inú awọ ara tán. Àwọn ará warehouse ń gbé irú ọwọ́ yìí wá bá wa ní wọ́ọ̀dù. Mr. Jian, kọ̀ǹpútà epo kì í la ọwọ́ èèyàn báyìí. Ìgbà wo ni wọ́n ti dá yín dúró?”

Jian tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀. “Ṣáájú tirẹ̀,” ó sì fi àgbọ̀n júwe Dàpọ̀. “Mo rí ọ níbẹ̀. Wọ́n kọ Ìsmáílà sí ọ láyà. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn forklift. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà rí mi.”

Dàpọ̀ sún mọ́ ọn. Ní gbogbo òru tó fi ń rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ọkùnrin yìí ti mọ̀. Ó yan alẹ́ tí òun ò sí lẹ́nu iṣẹ́ tí Dàpọ̀ sì wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ Dàpọ̀, kò ní lè dáhùn. Wọ́n fi ìwọ̀n ara rẹ̀ rán pàkúté náà ni.

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?” Inú ń bí Dàpọ̀. “Jian, mo lọ́mọ ní daycare. Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

“O ò ṣe nǹkan kan.” Jian jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Àwọn òbí wa rò pé mo ṣì jẹ́ ẹnjiníà. Tí Yawen bá lọ sí Taipei, ọ̀dọ̀ wọn ló máa dé sí. Wọ́n máa bi í pé, ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Yawen ti ń fura, kò sì mọ irọ́ pa. Mo rò pé tí drive bá sọnù, àwọn ará Taipei á padà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo rò.” Ó gbójú sókè. “Ó wà nínú locker mi ní warehouse. Mo lè mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Màá ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ti rí i. Ìwọ náà á ní o sùn sílé. Kò sẹ́ni tó máa béèrè mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá mú mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi yan ìwọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti rí ọ.”

Dàpọ̀ yíjú sí Àǹtí Yéjídé. “Àǹtí, kí ni kí n ṣe?”

“Mi ò lè bá ẹ mú un,” obìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. “Ó ní wọ́n á rí drive, òótọ́ sì ni. Wọn ò ní kó ẹ sí àtìmọ́lé. Àmọ́ ohun tó o bá sọ fún ọlọ́pàá yẹn lónìí, òun ni wàá máa sọ títí ayé. Mo ti rí àwọn tó ṣe é. Mi ò bú wọn.”

Aago ilẹ̀kùn dún lókè.

Ìrìn àtẹ̀gùn náà pẹ́ lójú Dàpọ̀. Ó ro ọjọ́ Ajé, ó dùn mọ́ ọn. Ó ro ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò dùn mọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rù bá ti ń ba Jian, òun ni yóò wò. Ìgbàkígbà tí Yawen bá ṣí drawer, á rántí ẹni tí kò lè sọ ibi tó wà. Ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ìsmáílà ni níwájú supervisor, olùṣọ́ ilé ni níwájú ìyàwó rẹ̀, ẹni tó sùn fọnfọn ni níwájú ìjọba. Kò tíì rí ibì kan jẹ́ Dàpọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èémí rẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ àyà mọ́.

Constable Friesen bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sí tábìlì ìdáná. Yawen àti Tao dúró lára ògiri.

“O sọ fún mi lánàá pé o wà nílé, o ń sùn,” ó bi Dàpọ̀. “Ṣé ohun tó o ṣì ń sọ nìyẹn?”

Jian ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà basement. Àǹtí Yéjídé ń wo ife tíì rẹ̀.

“Rárá,” Dàpọ̀ ní. “Mo purọ́ fún yín. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Warehouse kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, mo fi káàdì ọ̀rẹ́ mi wọlé. Work permit mi ò gbà mí láyè láti ṣe é. Kámẹ́rà wọn á ti ká mi sílẹ̀ ní gbogbo òru.”

Ọlọ́pàá náà gbé gègé sílẹ̀. “Ṣé ohun tó ò ń sọ fún mi yìí yé ọ?”

“Ó yé mi.”

Kó tó tún béèrè ohunkóhun, Jian ti jáde sí àárín ilé. “Inú locker mi ni drive náà wà,” ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. “Èmi ni.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní Mandarin. Dàpọ̀ ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń wálẹ̀, tó ń wálẹ̀ títí tí kò fi sí ibi tó tún lè wálẹ̀ sí mọ́. Yawen ò pariwo. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè kan, Jian mi orí, Yawen bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló wá bá Dàpọ̀, tó wò ó lójú, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dàpọ̀ ní kó má ṣèyọnu. Ó ṣì ń bínú díẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí Friesen ń múra láti mú Jian lọ, ó dúró lọ́dọ̀ Dàpọ̀. “Ọ̀rọ̀ olè ti parí lórí rẹ. Èkejì yẹn, ti work permit, kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì mi. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wá lọ́yà.”

“Mo mọ lọ́yà kan ní Marlborough,” Àǹtí Yéjídé ní. “Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ẹnu ẹ̀ mú ju tèmi lọ.”

*

Nínú mọ́tò, kó tó di pé Àǹtí Yéjídé tan iná rẹ̀, Dàpọ̀ pe Látífàt.

“Wọ́n ti rí drive,” ó ní. “Kì í ṣe èmi.”

“Alhamdulillah! Dàpọ̀, Alhamdulillah!”

“Dúró ná. Mi ò sùn sílé Ìsmáílà rí.” Ó sì sọ ọ́ fún un tán: káàdì náà, páálí, Friesen, gègé tó gbé sílẹ̀. Ó ń gbọ́ ọmọ wọn lẹ́yìn Látífàt, tó ń béèrè pé, “Mummy, is that Daddy?”

Látífàt ní kí ọmọ náà lọ ṣeré.

“Ṣé wọ́n máa lé wa?” ló wá béèrè.

“Mi ò mọ̀.”

“Òótọ́ ni àbí o tún ń fi nǹkan pamọ́ fún mi?”

“Òótọ́ ni, Látífàt. Mi ò mọ̀.”

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀ nínú fóònù.

“Ó dáa,” Látífàt ní. “Máa bọ̀ nílé, ká jọ má mọ̀ ọ́n.”